Alága Stuckey àti Bọ́ọ̀lù Ìkẹyìn

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Verlin Stuckey ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiwa: àwa la pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó fipá mú wa. Ní Hadley Fork, ní ìpínlẹ̀ Indiana, níbi tí àgbàdo pọ̀ ju ènìyàn lọ, tí ilé ẹ̀kọ́ girama sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ọdún mẹ́rìndínlógún ni Verlin fi ṣe alága ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu, ọwọ́ wa á ti máa lọ pàdé ara wọn kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Ọkùnrin náà fẹ́ràn máìkì. Ènìyàn márùn-ún péré ló wà nínú ìgbìmọ̀ ọ̀hún, yàrá ìpàdé wọn kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ, síbẹ̀ máìkì ni Verlin fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Á ní, "Ẹ bá mi na ṣúgà yẹn," gbogbo fèrèsé á sì mì. Lọ́dún tí wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun sí pápá béésìbọ́ọ̀lù, ó wọ kóòtù dúdú, ó gé ríbọ́ọ̀nù, ó sì sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lórí ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ wa. Àwa tí ìtọ̀ ti ń gbọ̀n wà lórí ìlà, à ń fò láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Nígbà tó parí, a pàtẹ́wọ́, a sì ní kó tún ibi tó dùn sọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé Verlin gorí wa gan-an ni bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹta ọdún 1978, ilé ẹ̀kọ́ wa pàdé ti Brandt Creek nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló kù, ààmì kan ni wọ́n fi jù wá lọ, ni ọmọ tó wọ jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́rìnlá bá ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, ó sì bọ́ sínú àwọ̀n láìkan irin. Ife ẹ̀yẹ tí a gbà lọ́jọ́ yẹn, òun ni àkọ́kọ́, òun náà ni ìkẹyìn. Oníwèé ìròyìn kan ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹni tó jù ú ló kọjú sí wa, nọ́ńbà mẹ́rìnlá gbàǹgbà. Lọ́ọ̀ọ́kán ni bẹ́ńṣì wa wà, àwọn ọmọ tó ń dúró de ipò ń fò sókè níbẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n pín lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, orúkọ tó wà níwájú mẹ́rìnlá ni V. Stuckey.

Lọ́dún kìíní, Verlin a máa sọ pé, "A jù ú sínú àwọ̀n." Lọ́dún kẹwàá, ó ní, "Jẹ́sì mi ló jù ú." Nígbà tó di ogún ọdún, ó di, "Èmi ni mo jù ú." Kò fi ìbínú parọ́, kò sì parọ́ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sún lọ síbẹ̀, bí ẹni tó ń sún àga mọ́ iná nígbà òtútù. Nígbà tó fi máa di ogójì ọdún, ó ti ń rántí bí awọ bọ́ọ̀lù náà ṣe rí lábẹ́ ìka rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ ni tó bá jáde nínú ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì léjìká. Nǹkan kan á fẹ́ wá sí i lọ́kàn. Á sì yára wọ ṣẹ́ẹ̀tì.

Àwa ńkọ́? Ẹgbẹ̀ta ènìyàn ló wà nínú gbọ̀ngàn eré lọ́jọ́ yẹn, a sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Verlin dàgbà tán, òun ló ń ta katakata fún wa. Ó tún di alága, ẹni tó bá sì ń wá iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ kì í bá a jiyàn nítorí bọ́ọ̀lù àtijọ́. Ojú ayé la kọ́kọ́ ń ṣe. Nígbà tó yá, a gbàgbé pé ojú ayé ni. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ń rántí pé èjìká àwọn ni àwọn gbé Verlin lé jáde.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Verlin dá Ògiri Ọlá sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn eré, kí a lè máa fi rántí àwọn akọni ilé ẹ̀kọ́ wa láyé àtijọ́, àwọn tó gbá béésìbọ́ọ̀lù àti àwọn tó ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Àyè méjìlá ló wà níbẹ̀. Mọ́kànlá kéré bí àtẹ́lẹwọ́, torí alága ní àwòrán ńlá máa ń rẹ àwọn tó ń wò ó lójú. Àyè kejìlá bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, ó sì dé òrùlé. A kò béèrè ìdí.

Ẹni mọ́kànlá ti gba tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Harlow Pruitt, ẹni tó ń ju béésìbọ́ọ̀lù fún wa, tó jẹ́ pé ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní 1964, ẹ̀ẹ̀mọkàndínlógún ló mú kí àwọn agbábọ́ọ̀lù Brandt Creek fi igi gbá afẹ́fẹ́ títí wọ́n fi padà lọ jókòó. Ó kù ẹnì kan. Nítorí ẹnì kan ọ̀hún ni Marvene Amstutz ṣe wá sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ní oṣù kìíní, pẹ̀lú bàtà yìnyín lẹ́sẹ̀. Lowell, ọkọ rẹ̀, ti kú nígbà ìkórè. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Lowell fi lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó ń fi igi gbá béésìbọ́ọ̀lù, tó ń gba bọ́ọ̀lù náà mú, débi pé ìka rẹ̀ kankan ò tọ́ mọ́. Nígbà òtútù, òun náà ló ń sáré fún ẹni márààrún nínú bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n.

"Verlin," ni Marvene wí, torí kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ jókòó, "lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ sí yín."

"Ìgbìmọ̀ ti gba lẹ́tà náà," ni Verlin sọ sínú máìkì. "Ìgbìmọ̀ ń fi tọkàntọkàn gbé e yẹ̀ wò."

"Abẹ́ ife kọfí rẹ ló wà. Mo ń wò ó."

Verlin gbé ife náà kúrò. Òrùka kọfí mẹ́ta ti yí orúkọ Lowell ká.

"Mi ò ní kó tóbi o," ni Marvene wí. "Bíi tàwọn yòókù náà ni. Kí àwọn ọmọ-ọmọ wa ṣáà máa kọjá níbẹ̀, kí wọ́n máa rí bàbá àgbà wọn."

"Marvene, àyè kan ṣoṣo ló kù, àyè ọ̀hún sì ga. Ẹni tó bá gíga rẹ̀ mu là ń wá."

Dwight Lehr, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, dìde dúró. Iṣẹ́ Dwight ni láti máa gbọ́ ohun tí Verlin kò tíì sọ. "Alága," ló wí, "gbogbo wa la mọ ẹni tó yẹ níbẹ̀. Ojú ló ń tì yín. Ìrẹ̀lẹ̀ yín ti wá pọ̀ jù, ẹ dákun, ó ti fẹ́ máa pa ìlú lára."

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o," ni Verlin wí. "Dwight, tún un sọ, kí akọ̀wé lè rí i kọ."

Òfin ní kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn jáde kí wọ́n tó dìbò. Verlin kì í rú òfin. Ó jáde, ṣùgbọ́n ó fi fìlà rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, ó kọjú rẹ̀ sí wọn. Àwọn mẹ́rin tó kù wo fìlà. Fìlà wò wọ́n. Gbogbo wọn nawọ́ sókè. Dwight tí kò tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ìbò na ọwọ́ méjèèjì.

Marvene pàdé Verlin lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti ń gbìyànjú láti má gbọ́.

"O mọ̀ pé Lowell ò fi ọ̀rọ̀ yẹn bú ẹ rí," ló wí fún un.

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ẹ̀rín ló kàn máa ń rín."

Verlin fọwọ́ ra etí òsì rẹ̀, èyí tó ká wọlé bí ewé látìgbà tí ọmọ màlúù kan ti ta á nípàá nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹlẹ́tí bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló wà ní gbogbo agbègbè wa. Ó ní òtútù ló ń mú un, ó sì wọlé lọ gba ìkíni kú oríire.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí á ní, ṣé kò yẹ kó fi mọ síbẹ̀? Ẹni tó bá ti gba gbogbo ògiri, kí ló tún kù tó ń wá? Ẹ̀rí ló ń wá. Ọ̀rọ̀ Marvene ti gún un níbì kan, ó sì fẹ́ kí ìlú gbọ́ ọ láti orí ìwé pé òun ni òun jù ú. Ìdí nìyí tí òun àti Dwight fi lọ sílé Míìsì Opal Reddick.

Míìsì Opal ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Òun ló fi pẹ́ńsù kọ ààmì gbogbo eré wa fún ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, àwọn ìwé náà sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú àpótí bàtà, ọdún tẹ̀lé ọdún. Ó gbé páì ápù síwájú wọn, ó sì fa ìwé 1978 yọ. Verlin fi ìka tọ ìlà nọ́ńbà mẹ́rìnlá lọ, ó rí ààmì méjì ní ìparí, ó sì mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé náà, tó rí bí ipa ẹsẹ̀ èèrà, ṣùgbọ́n Verlin ò mú awò ojú dání. Awò ojú kì í jẹ́ kó dà bí akọni.

"Lọ́jọ́ tí a bá ṣí ògiri náà, ẹ̀yin lẹ máa ka ìparí eré yẹn fún wa, Míìsì Opal. Ẹ kà á bó ṣe wà. Ẹ má fo ohunkóhun."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

"Àti èyí tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ gan-an ló dùn," ni Verlin wí, páì kún ẹnu rẹ̀. "Kí àwọn ọmọ gbọ́ bí ìtàn ṣe ń dún."

"Ó dáa náà," ni Míìsì Opal wí. "Ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí n kà á rí. Kíkọ ni wọ́n ní kí n máa kọ ọ́."

Ọ̀sán Sátidé kan ní oṣù kejì, gbogbo wa pé sí gbọ̀ngàn eré. Òórùn gúgúrú gba afẹ́fẹ́, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín sì ń yọ etí jáde nínú búrẹ́dì tí wọ́n fi bò ó. Nígbà tí eré dé ààbọ̀, Dwight gba máìkì. Ó fi Verlin wé òjò àkọ́rọ̀, ó fi wé katakata tuntun, ó ní bí kò bá sí Verlin, àgbàdo ìbá má mọ apá ibi tó yẹ kó hù sí. A pàtẹ́wọ́. Verlin jáde síwájú pẹ̀lú jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́rìnlá tí wọ́n rán tuntun fún un, ikùn rẹ̀ sì ti ya nọ́ńbà náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mẹ́rin lọ sápá kan, ọ̀kan lọ sápá kejì. Ó dúró lórí ìràwọ̀ góòlù tó ní kí wọ́n kùn sílẹ̀, ní ojú ibi tí wọ́n ti ju bọ́ọ̀lù ìjọ́sí, ó sì gbá bọ́ọ̀lù kan mọ́ra, torí ó fẹ́ tún un jù lójú wa.

"Ẹ̀yin ènìyàn Hadley Fork," ló wí, "ẹ̀yin tí oòrùn ń kí lówùúrọ̀ kó tó kí Brandt Creek. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé, 'Alága, báwo lẹ ṣe wá tóbi báyìí, tí ẹ sì tún ń jẹun bíi tiwa?' Mo máa ń dá wọn lóhùn pé, oúnjẹ ni mo fi ń rán ara mi létí pé ènìyàn ṣì ni mí."

A pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tilẹ̀ nu ojú rẹ̀ nù.

Lẹ́yìn náà, wọ́n fa okùn, aṣọ sì já bọ́ lára àyè kejìlá. Àwòrán 1978 ni, tí wọ́n ti sọ di ńlá láti ilẹ̀ dé òrùlé, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bí ẹni lẹ òǹtẹ̀. Verlin ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè ṣí i láéláé. Ẹ̀yìn nọ́ńbà mẹ́rìnlá gùn bí ilẹ̀kùn àká. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ di ńlá, gbogbo ara rẹ̀ ló ń di ńlá. Nínú àwòrán kékeré tó ti wà nínú àpótí onígíláàsì láti ìgbà yẹn, àwọn ọmọ orí bẹ́ńṣì kò ju ẹ̀wà lọ. Nígbàkigbà tí àlejò bá béèrè ọ̀kan tó wà ní ìhòòhò òkè láàárín wọn, tó fi táwẹ̀lì bora, Verlin a máa sọ pé, "Aláìnítìjú kan ni. Ẹ ṣáà wò ó." Ní báyìí, aláìnítìjú ọ̀hún ti ga ju Dwight lọ, gbogbo ehín rẹ̀ ló hàn, etí òsì rẹ̀ sì ká wọlé bí ewé.

Etí Harlow Pruitt ti di, torí náà igbe ló fi ń sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ kò di rárá.

"Ta ni ọmọ alátáwẹ̀lì yẹn?" ló ké jáde. "Etí Stuckey ló wà lórí ẹ̀."

Ikọ́ gba gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Verlin fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé máìkì fún Míìsì Opal, kí ìwé sọ̀rọ̀. Ìyá arúgbó náà ti awò rẹ̀ gun imú, ó sì ń kà á bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n fẹ́ rà lọ́jà.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù. Jẹ́sì nọ́ńbà méjìlélógún ya láti ọrùn dé ìdí. Amstutz ló wọ̀ ọ́. Jẹ́sì mìíràn ò sí. Ó gba nọ́ńbà mẹ́rìnlá lára Stuckey tó wà lórí bẹ́ńṣì. Mo sọ fún rẹfirí, rẹfirí ní kò burú. Stuckey fi táwẹ̀lì bora."

Kò sẹ́ni tó jẹ gúgúrú mọ́. Bó ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn: ọmọ mẹ́wàá, jẹ́sì mẹ́wàá. Ti ẹni tó ń sáré bá ya, ẹni tó jókòó ló máa bọ́ tirẹ̀ fún un.

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Nọ́ńbà mẹ́rìnlá, ìyẹn Amstutz, jù ú. Ó wọlé. Eré parí." Míìsì Opal ṣí ojú ìwé kejì. "Mo tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ti ilé ẹ̀kọ́ ni táwẹ̀lì o, kí Stuckey dá a padà. Kò tíì dá a padà."

Verlin dúró lórí ìràwọ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ó wo Dwight. Dwight ń ka iye iná tó wà lókè àjà. Ó wo àwa. A wo bàtà wa, torí a ti rántí, gbogbo wa pátá, lójú kan náà.

"Ju nǹkan ọ̀hún, ọmọ yìí," ni Harlow ké. "Kọfí mi ń tutù."

Ó jù ú. Bọ́ọ̀lù náà ò kan irin, kò kan àwọ̀n, kò tilẹ̀ sún mọ́ wọn. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n máa ń kọ fún ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò bá kan nǹkan kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń fà gùn: "Afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́." Àwọn tó ń kọ ọ́ kò bẹ̀rù rẹ̀, wọn ò tíì ra katakata.

Nígbà náà ni Marvene sọ̀kalẹ̀ láti ibi ìjókòó, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí orúnkún rẹ̀. Ó mú táwẹ̀lì kan lórí bẹ́ńṣì wa, ó sì fi bo èjìká Verlin.

"Mú un," ló wí. "Ó ti mọ́ ẹ lára tẹ́lẹ̀."

Bí táwẹ̀lì ṣe kan ọrùn rẹ̀, ohun tó ti ń fẹ́ wá sí i lọ́kàn fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta wá pátápátá. Ó gbójú sókè sí àwòrán. Ó rántí bí Lowell ṣe na ọwọ́, tí òun sì bọ́ jẹ́sì kí ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu rẹ̀. Ó rántí bí òtútù ṣe gún òun láyà, bí òun ṣe pariwo títí ohùn òun fi lọ. Ohun tó ti ń sá fún látọjọ́ yìí, ìdùnnú lásán ni. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti ikùn, nọ́ńbà mẹ́rin àti ọ̀kan ń jó lórí rẹ̀.

Dwight na máìkì sí i. Verlin gbà á, ó sì gbé e kalẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

"Marvene," ló wí, "ti Lowell ni ògiri yẹn."

Marvene nìkan ló gbọ́ ọ. Ó sì tó.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Verlin kan ilẹ̀kùn Míìsì Opal pẹ̀lú táwẹ̀lì kan tó ti gbó, tí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń parẹ́ létí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀ ló ti ń sùn látọjọ́ yìí. Ìyá arúgbó náà yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn, ó fa ìwé yọ, ó gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: Ó ti dá a padà.

Nígbà tí ìdìbò dé ní oṣù kọkànlá, a lé Verlin kúrò nípò alága. A ní a kò lè fara mọ́ irọ́. Gbogbo wa ń sọ káàkiri pé a ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, a kàn ń wò ó ni. Dwight ní òun fi ojú ara òun rí i tí Lowell jù ú, bẹ́ẹ̀, 1981 ni wọ́n bí Dwight. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwòrán náà ò ṣeé ṣí lára ògiri, torí náà orúkọ abẹ́ rẹ̀ nìkan la pààrọ̀: Lowell Amstutz, 1978. Ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì ni Verlin máa ń jókòó sí báyìí tí eré bá ń lọ, kò sì sí máìkì lọ́wọ́ rẹ̀. Tí àwọn ọmọ-ọmọ Marvene bá kọjá, wọ́n á nàka sókè, wọ́n á ní, "Bàbá àgbà wa nìyẹn." Tí wọ́n bá wá béèrè ẹni tó fi táwẹ̀lì bora, Verlin á yí etí òsì rẹ̀ sí wọn kí wọ́n fi wé e.

"Èmi ni," á wí. "Ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Wọ́n á sì wò ó. Nínú gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó fò sókè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ilẹ̀ tó tirẹ̀.